Ọjọ́ Tí Mo Na Ọwọ́ Òsì Sókè Níwájú Dean

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Monrovia níbí fún yín. Ó ti tó oṣù kan, àmọ́ tí mo bá ti rántí rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé olùkọ́ ni mí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bushrod Island ni mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì ní ìṣirò oògùn, ìyẹn bí wọ́n ṣe máa mọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ kí wọ́n fún aláìsàn. Ó di ọdún kẹfà báyìí. "Instructor" ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbí, torí náà Instructor Bọ́sẹ̀ ni mò ń jẹ́. Ó dùn létí, àbí?

Orúkọ nìkan ló dùn o! Kíláàsì márùn-ún ni mò ń kọ́ ní sáà yẹn, àwọn ọmọ sì pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé. Ohùn mi ti há. Tí mo bá di máákà mú, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Oorun ti jìnnà sí mi. Síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé "How da body?", ìyẹn 'ṣé ara le?', bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbí, èsì kan náà ni mo máa ń fọ̀: "Body fine!" Ṣé kí n máa wá rojọ́ kiri ni? Ẹni tí kọ́ńtíráàtì rẹ̀ máa parí ní ìparí sáà, tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń wáṣẹ́, tí ọmọ méjì wà nílé ìwé, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa sọ pé ó ti rẹ òun?

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí dean wa, ìyẹn ọ̀gá àwa olùkọ́, pín lẹ́tà fún wa ní ọjọ́ Ajé kan. Lẹ́tà náà ní àwọn àgbà olùkọ́ kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì kan ní Mamba Point. Wọ́n á jókòó sínú kíláàsì wa, wọ́n á wo bí a ṣe ń kọ́ni, wọ́n á sì ràn wá lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wa máa ṣèpàdé. Ràn wá lọ́wọ́ kẹ̀? Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ojú tèmi rí níbẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa lé.

Mo sáré lọ bá Bọ̀dá Láyí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, kẹ́mísìrì ni wọ́n ń kọ́, àgbà sì ni wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwa méjì péré ni Yorùbá láàárín àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé ohun tí a máa ń ṣe nílé tí ínsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní Nàìjíríà, ẹ má díbọ́n, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ! Tí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, gbogbo kíláàsì á nawọ́ sókè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á na ọwọ́ òsì. Olùkọ́ ò ní pe ọlọ́wọ́ òsì láéláé. Ínsípẹ́kítọ̀ á rí ọwọ́ lọ súà, á sì rò pé gbogbo ọmọ ló mọ̀wé. Èmi náà na ọwọ́ òsì nígbà tèmi, mi ò ní purọ́.

Ní Ọjọ́rú, mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tí àlejò máa wọ̀ ní ọgbọ́n yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hawa. Kì í pariwo, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, kò sì sí ohun tí mo máa sọ tí kò ní kọ sílẹ̀. Ó dìde, ó ní: "Instructor, if I know it small, which hand I will raise?"

Ẹ ò rí ìbéèrè! Mo ní kó jókòó, àkókò ń lọ.

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́. Aago mẹ́sàn-án géérégé ni àlejò wọlé. Ọ̀dọ́ kan tó wọ kóòtù ni mo ti ń retí, àgbà obìnrin ló wọlé. Wọ́n á lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ ilẹ̀ Liberia, wọ́n wọ aṣọ àǹkárá, wọ́n fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn. Ma Kebbeh ni orúkọ wọn. Orúnkún mi ti fẹ́ kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Mo gbé àga tèmi fún wọn níwájú. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá lọ sẹ́yìn, wọ́n sì fún ara wọn mọ́ bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hawa. Nínú gbogbo bẹ́ńṣì tó wà níbẹ̀!

Mo kọ ìbéèrè sójú bọ́ọ̀dù. Dókítà ní kí wọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní oògùn olómi, 250 miligíráàmù. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé 125 miligíráàmù ló wà nínú mililítà márùn-ún. Mililítà mélòó ni nọ́ọ̀sì máa wọ̀n? Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè! Mo pe ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan, ó ní mẹ́wàá. Ó gbà á. Mo yí iye rẹ̀ padà, mo pe òmíràn, òun náà gbà á. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Àfi bí báírò Ma Kebbeh ṣe dúró. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ń wo àwọn ọwọ́ yẹn láti ẹ̀yìn, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Lẹ́yìn náà, àwọn náà rọra nawọ́ sókè.

Ọwọ́ òsì ni o!

Ara mi bù máṣọ. Ta ló sọ fún wọn? Ibo ni obìnrin ará Liberia ti mọ irú nǹkan báyìí? Mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, mo pe ọlọ́wọ́ ọ̀tún mìíràn. Ọwọ́ wọn ṣì wà lókè. Gbogbo kíláàsì ti yíjú sẹ́yìn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo fi ohùn mi tó há ní, "Yes, Ma?"

"Instructor, me, I na understand it o. And I looking 'round here, I na by myself." Wọ́n ní kò yé àwọn, àwọn nìkan sì kọ́.

Àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọlọ́wọ́ òsì ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe, ni wọ́n bá fi tiwọn sílẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ju ìdajì kíláàsì lọ! Ohun tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wọn!

Mo gbé máákà sílẹ̀, mo rìn lọ sẹ́yìn, mo ní kí Hawa sọ ohun tí òun ì bá ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn. Ó dìde. Ó ní dókítà sọ pé 250, torí náà òun á wọn mililítà 250. Òun rò pé miligíráàmù àti mililítà, ìkan náà ni. Mo ní, "Hawa, odindi ìgò yẹn gan-an ò tó bẹ́ẹ̀." Ó ní òun á ṣí ìgò mìíràn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọdún tó ń bọ̀ ni Hawa máa wọ wọ́ọ̀dù o. Ọdún tó ń bọ̀! Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní kí gbogbo wọn gbàgbé bọ́ọ̀dù, kí wọ́n ro ọbẹ̀. Iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ ni miligíráàmù, omi ọbẹ̀ ni mililítà. Dókítà ń béèrè iyọ̀, àmọ́ omi ni ìwọ máa bù. A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí àkókò wa tó pé, Hawa fúnra rẹ̀ sọ pé mẹ́wàá, ó sì ṣàlàyé bó ṣe rí i.

Ṣé inú mi dùn? Ẹ̀rù ló bà mí. Ma Kebbeh pè mí síta, mo sì tẹ̀ lé wọn bí ẹni tó ń lọ gbọ́ ìdájọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kúnlẹ̀ pátápátá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ ti kọ́ńtíráàtì, mo sọ ti ọkọ mi. Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní nígbà ogun Liberia, tí àwọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, nínú àgọ́ tí àwọn sá sí, sójà ọmọ Nàìjíríà kan tó wá pẹ̀tù sógun ló ń kọ́ àwọn ní ìṣirò. Èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ wá wo iléèwé, ohun tó máa ń ní kí àwọn ṣe nìyẹn.

"Two years I raise my left hand," ni wọ́n wí. "Nobody ever call me."

Wọ́n ní títí dòní, tí àwọn bá rí ìṣirò, àwọn máa ń wá ibi tí àwọn máa sá sí. Wọ́n wá bi mí pé lọ́jọ́ tí Hawa bá di oògùn mú níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ wo ló máa nà? Wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn rí làwọn máa kọ, títí kan bí mo ṣe gbé máákà sílẹ̀ tí mo lọ bá Hawa. Wọ́n wá ní, "How da body?"

"Body fine, Ma."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ti ìwé wọn bọ àpò, wọ́n lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo olùkọ́ péjọ sí yàrá ìpàdé. Dean wà níwájú, fáìlì wà níwájú rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú fáìlì yẹn! Bọ̀dá Láyí jókòó tì mí, wọ́n sọ sí mi létí pé tí wọ́n bá bi mí léèrè, kí n sẹ́. Dean béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, bóyá a ní ìṣòro. Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé fine, fine, thank God.

Ma Kebbeh bá dìde. Wọ́n ní kí ẹni tí ara rẹ̀ bá yá ní tòótọ́ na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí ẹni tó ti rẹ̀ na ọwọ́ òsì. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lónìí.

Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀. Tèmi náà ti dé èjìká. Dean ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń rò ó pé tí mo bá na òsì, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ nípa mi, àfi kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Yàtọ̀ síyẹn, ọwọ́ òsì sí ojú àgbà? Ìyá mi ì bá ti gbá a wálẹ̀! Ṣùgbọ́n ìbéèrè Hawa ò kúrò létí mi. Ọmọ yẹn fẹ́ sọ òtítọ́ fún mi, mo ní kó jókòó.

Mo sọ ọwọ́ ọ̀tún kalẹ̀. Mo na òsì.

Dean dá ojú dúró sára mi. Mi ò sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ tí nǹkan mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bọ̀dá Láyí ni! Ọwọ́ òsì, tòun ti aago ọwọ́ wọn. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n kàn rọra sọ pé, "Bọ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀." Kí n tó lanu, ọwọ́ òsì mẹ́ta ti lọ sókè lápá ọ̀hún.

Omijé dà lójú mi. Ojú ò tì mí.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan wá di ayọ̀ o. Dean pè mí ní ọjọ́ Ajé. Kọ́ńtíráàtì sáà kan péré ni wọ́n fún mi, kì í ṣe ti ọdún kan tí mò ń gbàdúrà fún. Àmọ́ wọ́n gba kíláàsì méjì kúrò lọ́wọ́ mi, Ma Kebbeh sì ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn, lẹ́yìn náà a jọ máa sọ̀rọ̀ lórí ohun tó lọ dáadáa àti ohun tí kò lọ. Bọ̀dá Láyí ti rí dókítà. Ohùn mi ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: olùkọ́ tó ń fi àárẹ̀ pamọ́ kò ní ṣàì kọ́ àwọn ọmọ láti fi àìmọ̀ pamọ́. Èmi ṣe é, mo sì mọ ohun tó kù díẹ̀ kó fà.

A ṣì ń na ọwọ́ òsì nínú kíláàsì mi. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Tí ẹnì kan bá sì mọ̀ ọ́n díẹ̀, kó na méjèèjì. Hawa ló kọ́kọ́ nà án.

Ẹ̀yin olùkọ́ ńkọ́, níbikíbi tí ẹ bá wà? Ta ló ń bi yín léèrè bí ara ṣe rí, kí lẹ sì máa ń fọ̀ ní èsì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, gígùn tàbí kúkúrú. Gbogbo rẹ̀ ni màá kà, àmọ́ ẹ má bínú, ọlọ́wọ́ òsì ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn.