Ebè Tí A Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ

Faransé ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kú lórí ìkúnlẹ̀. Ní gbogbo Gúkà, ìlú wa, kò sí ọkùnrin kan tó bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bí inú rẹ̀ ṣe rí. Àáró la mọ̀: bí ọ̀fọ̀ bá ṣe ọkùnrin, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọkọ́, kí wọ́n lọ bá a ṣiṣẹ́ oko. A lọ lóòótọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti kọ gbogbo ebè iṣu rẹ̀ tán, inú ara wa sì ń dùn.

Òun jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo gbé omi fún un. Ó ní, "Àbúrò mi, èmi ni mo fẹ́ kọ ebè yẹn. Bí mo bá ń kọ ebè, mo lè máa bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa pè mí ní wèrè."

Kí ni mo fi dá a lóhùn? Mo ní, "Ẹ mọ́kàn le, ọkùnrin kì í sunkún." Èmi òmùgọ̀!

Ó dìde, ó mú ọkọ́, ó tú ebè kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó sì ń tún un kọ. Ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Nígbà tó kan ebè kejì, mo gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà máa fi í rẹ́rìn-ín mọ́.