Ogójì Ìbora Orúnkún

Ọwọ́ mi yá, òun ló sì kó mi sí wàhálà. Mo lè sọ ọ́ báyìí kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Èjìgbò, ní nǹkan bí ọdún 1989, ẹkún ni mo fi ń sọ ọ́.

Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn èmi àti ọ̀gá mi obìnrin. Ọdún mẹ́ta pé, kò sọ̀rọ̀ òmìnira. Ìyá mi wà ní Àbíjàn, ó ń tajà níbẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pé bí òun bá wálé, òun yóò mú mi lọ. Mi ò sì lè lọ láìgba òmìnira. Ọ̀gá ni yóò gbé sísọ́ọ̀sì tuntun lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, tí yóò gbàdúrà fún un lójú àwọn òbí rẹ̀, kó tó di ẹni ara rẹ̀. Ẹni tó bá sá lẹ́nu iṣẹ́ nílùú wa, ta ni yóò gbé aṣọ fún un rán?

Ẹ̀jẹ́ ló dè mí mọ́lẹ̀. Orúnkún ti dá ọ̀gá mi jókòó rí, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá tún lè fẹsẹ̀ ara òun rìn lọ sí mọ́sáláṣí, òun yóò fi ogójì ìbora orúnkún ṣe sàárà fún àwọn arúgbó tí ọyẹ́ ń dà láàmú. Orúnkún náà san. Èmi ni mo wá di ẹni tó ń san ẹ̀jẹ́.

"Ọjọ́ tá a bá pín in tán," ló wí, "ni mo máa gbàdúrà fún ẹ."

Àgékù aṣọ tó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa la fi ń rán an. Bó ṣe kọ́ mi ni pé kí n gé e ní onígun mẹ́rin, kó tó àtẹ́lẹwọ́, kí n máa rán an pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí igun kan igun. Bí igun kan bá yẹ̀, kí n tú u. Lẹ́yìn iṣẹ́ oníbàárà ni mo ń ṣe é, ọ̀kan ṣoṣo sì ń gbà mí tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé ìyá mi yóò ti wá, yóò sì ti padà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, inú bí mi. Mo gé àgékù ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ ìka mẹ́ta, mo ń rán orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì láìwo àwọ̀, títí ó fi di ọ̀já kan tó gùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ kọjá igi máńgòrò. Mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, mo gé ibi tó ti ṣẹ́ po. Mo tún ṣẹ́ ẹ po, mo tún rán an. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ti di aṣọ, gbogbo àwọ̀ sì tò bí ẹni pé mo fara balẹ̀ ṣà wọ́n. Mo fi ògbólógbòó ìró tẹ́ ẹ nínú, mo rán etí rẹ̀ yí ká. Ó parí kí wọ́n tó pèrun alásárì.

Òmùgọ̀ ni mí, mo gbé e lọ fi han ọ̀gá. Ó na án síta, ó wò ó títí. "Ọwọ́ ẹ mà yá o," ló sọ. Inú mi dùn. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá pa á mọ́ra.

Láàárín oṣù méjì, ogójì pé, ṣùgbọ́n ìròyìn ti lọ. Àwọn télọ̀ Màsífà ń fi àpò àgékù ránṣẹ́, àwọn ará Ìsúndunrin ní àwọn náà ní arúgbó nílé. Ọ̀gá ń gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó ní tiwọn di ẹ̀yìn ogójì àkọ́kọ́. Àpò dí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi, mi ò rí títì mọ́, ariwo ọkọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Ká ní torí owó ni, ǹ bá bínú kó yé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí Ọlọ́run ló ń ṣe é, tọkàntọkàn. Ta ló fẹ́ sọ pé òun ò ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run mọ́? Adìẹ bà lé okùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ìyá mi dé. Ọkọ̀ Àbíjàn yóò gbéra lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Jímọ̀ la ó sì pín sàárà. "Dákọ̀ọ̀," ni ìyá mi wí, bí àwọn ará Àbíjàn ṣe ń sọ pé ó dáa. "Lọ́jọ́ Àìkú, àwa méjèèjì la jọ ń lọ." Mo di ẹrù mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Mo ti rí sísọ́ọ̀sì tuntun nínú báàgì ọ̀gá, ó fi pépà wé e. Mò ń pín ìbora, ojú mi ò kúrò lára báàgì náà. Ogójì tán, ó ku arúgbó kan, ìyá kan tó wá láti Ará. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá, ó ti tán."

Kò bínú. Ká ló bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Ọwọ́ yìí ò ní í rọ," ló wí. "Ọlọ́run ò ní í mú un kúrò lọ́dọ̀ wa. Ibí ni wàá jókòó sí, tí wàá máa rán an, títí yóò fi kárí gbogbo wa."

Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Ọ̀gá mi ṣe àmín, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo wo ìyá mi. Òun náà ti ṣe àmín kó tó rò ó, ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í ṣàdúrà fún èèyàn kó panu mọ́. Arúgbó náà kò tíì jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó ń wo ẹnu mi. Mo ní àmín.

Ọ̀gá fa síìpù báàgì rẹ̀ pa. "Ìyá ọmọ mi," ló sọ fún ìyá mi jẹ́jẹ́, "ẹ gbọ́ ohun tí àgbà wí. Ẹ jẹ́ kó kárí ná." Ìyá mi ní dákọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ru ẹrù rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Ó ní kí n má sunkún, pé àdúrà arúgbó kì í lọ lásán. Òótọ́ ló sọ. Ọdún méjì gbáko ni àdúrà náà fi ń ṣẹ lára mi, èmi tí mo fi ẹnu ara mi gbà á.