Ojú Tó Wà Lẹ́yìn Tẹlifíṣọ̀n Mi

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì ń bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọ tó da ọbẹ̀ nù. Kì í lù mí o. Ojú lásán ló fi ń wò mí, màá sì ti máa tọrọ àforíjì. Òun ló kàwé nínú wa. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà ló sì fún un ní fúláàtì tí a ń gbé ní Festac. Èmi ka ìwé mẹ́fà, mò ń rán fóòmù àga ní Agboju. Nígbà tí ìyàwó mi kú tí ilé dá páropáro, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó wá sí yàrá ẹ̀yìn. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi, àfi kí n máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú ilé wa, ọwọ́ àgbà ni rimóòtù ń wà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ta ni àbúrò tó máa lanu pé, "Àǹtí, ẹ yí i síbi bọ́ọ̀lù"? Ó lè wà nílé ẹlòmíràn. Nítorí náà, ohun tó bá wu ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá a wò: ìsìn, ìwàásù, àti àwọn fíìmù tí ìyá ọkọ ti ń fojú ìyàwó gbolẹ̀. Tí mo bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, mo máa ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wò ó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, títí orúnkún mi fi ní òun ò lọ mọ́.

Kérésì tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ní kò yẹ kí màmá òun máa jókòó sórí àga títí ọrùn á fi máa dùn ún. Ó mú ọkùnrin kan tó ń so díìṣì wá, pé kó fa wáyà láti pálọ̀ wọ yàrá gbogbo. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi nígbà tó dé yàrá tèmi, níbi tí tẹlifíṣọ̀n kékeré tí mo kó wá láti ilé mi wà.

"Dekódà kan náà ni o, Bàbá. Ohun tí wọ́n bá ń wò ní pálọ̀ lẹ̀yin náà máa rí níbí."

Ojú mi fà ro. Ìwàásù náà ló fẹ́ tẹ̀lé mi dórí bẹ́ẹ̀dì yìí! Ó dà bíi pé ọkùnrin náà rí i.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè fi ojú sí i fún yín."

Ojú tó ń wí kò ju ẹ̀wà kan lọ, dúdú, lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé. Tí o bá na rimóòtù sí i nínú yàrá, àṣẹ náà á gba ara wáyà padà lọ sí pálọ̀, dekódà á sì gbọ́. Ó fún mi ní rimóòtù kejì.

"Ẹ ṣáà sọ fún Mọ́mì, kí wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Màá sọ fún wọn," mo dáhùn, mo sì rọra ti ojú náà sẹ́yìn bí ẹni ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé ìdáná lọ ro ẹ̀wà. Mo ní kí n kàn yọjú sí bọ́ọ̀lù, kí n mọ ẹni tó ń lé iwájú. Kí n tó dá a padà, ó ti jáde.

"Háà! Ta ló yí tẹlifíṣọ̀n mi?"

Mo ju rimóòtù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ká ní mo pariwo pé, "Èmi ni, Àǹtí, ẹ má bínú" ni, ì bá bú mi di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jáde, mò ń họ ikùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Àǹtí, àfàìmọ̀ kẹ́ ẹ máà ti jókòó lé rimóòtù kẹ́ ẹ tó dìde."

Ó wo àga. Rimóòtù wà níbẹ̀ lóòótọ́. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

Irọ́ náà bá mi mu, ni mo bá tún un wọ̀. Mò ń yí i tó bá ń tòògbé, mò ń yí i tó bá wọ balùwẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé òróró wá, ó fi pa orí dekódà, ó dijú, ó sì lé gbogbo ẹ̀mí tó ń da ẹ̀rọ náà láàmú jáde ní orúkọ Jésù. Èmi gan-an ni ẹ̀mí náà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ṣe àmín tó ròkè ju tiẹ̀ lọ. Fún bí ọjọ́ mélòó kan, mi ò fọwọ́ kan rimóòtù mi. Kì í ṣe ìrònúpìwàdà o, òróró yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Àfi ìgbà tí bọ́ọ̀lù ńlá dé.

Mi ò tètè rí i pé kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di rimóòtù mú. Tó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ pè mí: "Wò ó o, ìsìn ni mo fi sí. O rí i?" Màá ní mo rí i. Ó sì ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àìsàn.

Ni ọmọ bá dé lọ́jọ́ ìsinmi kan, láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì jẹun tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mọ́mì, lóṣù tó kọjá ẹ gbé kẹ́tùlù kaná, ẹ sì gbàgbé ẹ̀."

"Ta ni kì í gbàgbé kẹ́tùlù? Ìwọ ò gbàgbé nǹkan rí?"

"Ẹ tún wá ní tẹlifíṣọ̀n ń yí ara ẹ̀."

"Ó ń yí ara ẹ̀! Ṣé mo máa ń purọ́ fún ẹ ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká kó lọ sọ́dọ̀ mi l'Ajah. Dókítà á yẹ̀ yín wò, ẹ ò ní dá wà. Ká fi fúláàtì yìí rẹ́ǹtì."

"Dá wà? Àbúrò mi ńkọ́, ṣé igi ni?"

Ọmọ náà wò mí. Kò sọ pé igi ni mí, ṣùgbọ́n kò sọ pé n kì í ṣe igi.

"Ìgbà tí mo wọ ilé yìí, ọ̀dà ara ògiri ò tíì gbẹ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ibí ni mo ti tọ́ ẹ. Ibí ni wọ́n ti gbé bàbá ẹ jáde. Mi ò kúrò ní Festac lọ síbì kankan." Ó wá yíjú sí mi. "Àbúrò mi, sọ fún un. Ìwọ náà ti rí i bó ṣe ń yí."

Kí ẹ má baà rò pé ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà lọ́kàn mi: ẹni tó bá rẹ́ǹtì fúláàtì yẹn ò ní fẹ́ àgbàlagbà onífóòmù ní yàrá ẹ̀yìn. Ohun gbogbo ló ní kí n sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayé òde òní yìí..."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan tó ń bọ̀, ó wo rimóòtù ọwọ́ rẹ̀.

"Bóyá òótọ́ ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Bóyá èmi náà ni mò ń yí i."

Mo dìde. Mo wọ yàrá mi, mo mú rimóòtù kejì, mo tẹ̀ ẹ́. Ní pálọ̀, wòlíì tó ń wàásù pòórá, ariwo pápá bọ́ọ̀lù gba ilé kan.

"Èmi ni o!" Mo kígbe láti inú yàrá, torí mi ò lè sọ ọ́ lójú wọn. "Láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni!"

Ọmọ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. "Ọ́ńkù! Háà, Ọ́ńkù!" Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Mo ti kó ara jọ de ìbàtí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú kékeré ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, ó wò ó pẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Kérésì."

"O sì ń ṣe àmín."

Ọmọ rẹ̀ ló bú mi, ó sì bú mi dáadáa. Ó yọ ojú náà, ó jù ú sínú báàgì, ó gba rimóòtù kejì náà, ó sì lọ sí Ajah láìmú ìyá rẹ̀. Mo sùn bí ọba lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, mo wà nínú yàrá, mò ń gé èékánná. Tẹlifíṣọ̀n mi ṣàdédé kúrò lórí ìsìn, ó bọ́ sórí àwòrán tí wọ́n ń yà fún ọmọdé.

"Ṣé ìwọ ni?" ẹ̀gbọ́n mi pè láti pálọ̀.

Mo wo ọwọ́ mi. Èékánná nìkan ló wà níbẹ̀; ojú náà ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ajah. Mo yọjú: òun nìkan ló wà lórí àga, rimóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnì. Ó ń wò mí, ó ń dúró.

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹ má bínú."

"Ọmọ burúkú!" ló wí, inú rẹ̀ sì dùn. Ó yí i padà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ ogbó ló dé, tàbí èmi ni mo fi oṣù mélòó kan kọ́ ọ láti máa ṣiyèméjì ara rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí orí rẹ̀ pé, mo jẹ́ kí wọ́n rò pé kò pé. Ní báyìí, tí ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, mò ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá. Bí mo bá sọ ọ́, Ajah ni. Bí n kò bá sọ ọ́, dókítà tó yẹ kó tètè rí i kò ní rí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé ó di ọ̀la.

Ní àárọ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù.

"Ọ́ńkù, báwo ni Mọ́mì? Ẹ má purọ́ fún mi o."

"Wọ́n wà ní pálọ̀," mo ní. "Wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n."

"Ṣé ìwọ ni?" ohùn ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti òdì kejì ògiri.

Mo fọwọ́ bo fóònù. "Èmi ni o, Àǹtí."