Wọ́n Fẹ́ Dí Ihò Ògiri Ìyá Sàká

Ẹ̀yin ará Agége, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dí ihò ògiri wa lónìí!

Láyé Sáàpù, tí kẹrosíìnì di àwátì, inú ihò yẹn ni Ìyá Sàká, aládùúgbò wa, ti máa ń na ògúnná sí wa láàárọ̀.

Ìyá ti kú. Sàká ọmọ wọn ló mú bíríkìlà wá.

Mo fẹnu sí ihò láti ọ̀dọ̀ wa, mo gbé ohùn ìyá wọ̀:

"Ará ilé kejì, ẹ ò tíì jí ni? Ẹ wá fọnná o, kó tó kú!"

Kí Sàká tó ronú, ó ti dáhùn: "Mò ń bọ̀, màámi!"



Mo rò pé yóò bú mi ni. Ó kàn ní, "Ìwọ wèrè yìí, jọ̀ọ́, tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó ní kí bíríkìlà máa lọ sílé.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ń gbà lára ògiri aládùúgbò yín?