Gíláàsì Tí Mo Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó tún sunkún: gíláàsì kan ni mo fọ̀, àfi bí mo ṣe fọ iṣẹ́ ọmọ mi dànù!

Ẹja ni mò ń yan tà ní Ajara níbí. Sẹ́nàmì, ọmọbìnrin mi, ti fẹ́ ṣe tán ní poli. Ó gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kan wálé, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní iṣẹ́ àṣejáde òun nìyẹn. Wọ́n fi nǹkan kan tí wọ́n fi síǹkì ṣe bo ojú rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò rí i. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á gba ibẹ̀ kọjá, iná mànàmáná á sì máa rìn lórí rẹ̀. Òun ni wọ́n ń lò fún àwọn sólà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìyá Mautin, aládùúgbò wa, bú sẹ́rìn-ín. "Gíláàsì ló fẹ́ gbé iná? Tèmi tó wà lójú wíńdò ńkọ́, ṣé ó ń sùn ni?"

Sẹ́nàmì náà rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ mí pé kí n má fọwọ́ kàn án, torí ọjọ́ Ajé ló fẹ́ gbé e fún olùkọ́ rẹ̀. Ó wá lọ tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Mowo.

Ṣé ẹ mọ ilé ẹni tó ń yan ẹja? Kò sí ibi tí èéfín kì í bà sí. Bí mo ṣe gbóòórùn gíláàsì yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ti pe ọmọ yìí ní "Ọmọ Eléja" rí, ó sunkún wálé. Ṣé kí iṣẹ́ rẹ̀ tún wá máa rùn lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀?

Kí la fi ń pa òórùn ẹja níbí? Ọsàn wẹ́wẹ́ ni! Mo fún un sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo rẹ gíláàsì náà sí i, mo fi aṣọ funfun nù ún gbẹ. Ó ń dán! Inú mi dùn.

Sẹ́nàmì dé, ó fi ẹnu wáyà méjèèjì mítà tó fi ń wọn iná kan gíláàsì. Kò sí nǹkan kan. Ó yí i padà. Kò sí. Ó gbé e sí imú.

"Màámi, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

Mo ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni, ṣebí òun náà la fi ń fọwọ́.

Kò pariwo. Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé omi ọsàn máa ń jẹ síǹkì yẹn tán. "Ó ti di ti wíńdò Ìyá Mautin nìyẹn."

Kò ráyè ṣe òmíràn kí ọjọ́ Ajé tó pé. Wọ́n sún ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ọdún tó tẹ̀lé e. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe àgùnbánirọ̀ báyìí.

Ó ṣì ń wá kí mi, ó sì ń bá mi yan ẹja. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Mowo jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ló ń kọ́kọ́ gbé báàgì tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí kó tó wálé.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá ní ká má fọwọ́ kan nǹkan òun, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, kódà kó máa rùn. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ ti fi ìfẹ́ bà jẹ́ fún ọmọ yín? Báwo ni ọmọ náà ṣe wá tún gbà láti máa gbé báàgì rẹ̀ wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.