Nọ́ọ̀sì Jókòó-Ná

Èmi ni mo sọ nọ́ọ̀sì náà ní Jókòó-Ná, inú bíbí ni mo sì fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú ló máa ń ti ilé ìwòsàn wá sílé wa, pẹ̀lú báàgì dúdú kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti já, tó fi okùn so. Obìnrin kúkurú ni. Kì í sáré, kì í pariwo.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, mo na ọmọ-ọmọ mi sí i kó gbà á. Kò gbà á. Ó fọ ọwọ́, ó kọjú sí ìyàwó ọmọ mi tó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, “Ìyá ìkókó, ẹ jókòó ná.” Ó bi í bóyá ó ń rí oorun sùn. Mo bá a dáhùn pé ó ń sùn dáadáa. Ó bi í bóyá ó ń jẹun. Mo ní ṣebí èmi ni mò ń se é, báwo ni kò ṣe ní jẹ ẹ́? Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó tún bi ìyàwó. Mo ní nínú ara mi pé irú nọ́ọ̀sì wo rèé: ọmọ wà nílẹ̀, ìyá ọmọ ló ń yẹ̀ wò. Ó pẹ́ kó tó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bẹ̀ mí kí n gbé ọmọ jáde lọ yá oòrùn àárọ̀. Mo mọ̀ pé ṣe ló fẹ́ lé mi, mo bá gbé àga sí abẹ́ fèrèsé gan-an.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó.

“Bó bá ti ń ké, ó máa ń ṣe mí bíi kí n ṣílẹ̀kùn, kí n máa lọ, kí n má padà wá mọ́.”

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ni mo tẹjú mọ́, n kò mọ̀ pé ti ìyá rẹ̀ ló ń wọ́.

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó rọra bi í bóyá ó ti rò ó rí láti ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ ní jàǹbá. Ìyàwó ní rárá, ó kàn rẹ òun ni, ojú sì ń ti òun. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwà burúkú, ó sì ní ìtọ́jú. Ó kọ̀wé sí dókítà, ó ní òun yóò padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, òun kò ní dúró de Ọjọ́rú.

Ó wá pè mí wọlé, ó pín iṣẹ́ fún wa. Kí n máa gba ọmọ láti ìdájí di ọ̀sán kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Kí ọmọkùnrin mi náà máa gbà á bó bá ti ilé ìtẹ̀wé dé. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Mo ní mẹ́fà ni mo bí, n kò rí ẹni tó bá mi gbé ẹyọ kan.

Nọ́ọ̀sì fi bírò sílẹ̀. “Màmá, nígbà yẹn, ta ló bi yín bó ṣe ń ṣe yín?”

Èmi tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gba ẹnu ẹlẹ́nu sọ̀rọ̀, ó wá kàn mí kí n sọ tẹnu ara mi. Ọmọ mi kẹta ni mo rántí, àti àárọ̀ kan tí mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, tí mo rìn dé ibùdókọ̀. Mo ti wọ ọkọ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ ọ́ lójú wọn lọ́jọ́ náà. Ọmọ kẹta yẹn ni bàbá ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́.

Ìyàwó dìde, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó sì fa àga tirẹ̀ wá síwájú mi.

“Màmá,” ló wí, “ẹ jókòó ná.”