Ọjọ́ Tí Kípà Òṣogbo Pariwo “Ìlórò!”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí, torí ó ti pẹ́ jù nínú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ má sá lọ o, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa!

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé èmi ni kápútéènì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Iléṣà. Ẹ wò mí, mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ náà ṣì wà! Alàgbà tó dá a sílẹ̀ ti sọ fún wa pé bí a ò bá bọ́ sí líìgì tó ga sí i lọ́dún yìí, òun máa tú wa ká. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló wá kù, àwa àti àwọn ará Òṣogbo, lọ́dọ̀ wọn. Bí a bá borí, ẹgbẹ́ wa yè. Bí a bá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn.

Kọ̀ọ́nà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá wọlé láti igun pápá, ló gbé wa débẹ̀. Kóòṣì wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, fi orúkọ àdúgbò Iléṣà ṣe àmì fún wa. Èmi ni mo máa ń pè é. Tí mo bá pariwo “Ìlórò!”, òpó góòlù tó sún mọ́ ẹni tó ń gbá kọ̀ọ́nà ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Tí mo bá ní “Òkèsà!”, òpó kejì ni. Àlejò á rò pé mò ń pe èrò ọkọ̀ ni! Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Bọ̀dá Sànmí mọ̀ ọ́n. Télọ̀ ni wọ́n, kò sì sí ibi tí a ti gbá bọ́ọ̀lù tí wọn kì í bá wa dé. Àwọn ló ń rán nọ́ńbà mọ́ jẹ́sì wa lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, wọ́n á gbé fóònù síwájú máṣìnì, wọ́n á ṣe láìfù kí ayé máa wò wọ́n lórí fóònù. Wọ́n á kọ́kọ́ kí wa, Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná lọ sóko! Lẹ́yìn náà wọ́n á tú bọ́ọ̀lù palẹ̀, bí a ṣe gbá a, ibi tí a kù sí, ibi tí a ti dára. Orí mi máa ń wú tí mo bá ń gbọ́ wọn.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje ń sún mọ́lé, Kóòṣì kó wa lọ sí Ẹ̀sà-Òkè, ó sì gba fóònù gbogbo wa. Ó ní ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ṣe la fi í ṣe yẹ̀yẹ́!

Sọ́ńdè tí a wà níbẹ̀, tí a ò ní fóònù lọ́wọ́, Bọ̀dá Sànmí ṣe láìfù tiwọn. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé oríire lásán ni kọ̀ọ́nà wa, pé Ìjẹ̀ṣà ò lọ́gbọ́n bọ́ọ̀lù. Áà! Ó dùn wọ́n wọra. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ya pápá sórí aṣọ dúdú, wọ́n ní oríire kẹ̀? Wọ́n ní ẹ wá wo ọgbọ́n! Wọ́n fi Ìlórò hàn àwọn tó ń wò, wọ́n fi Òkèsà hàn wọ́n. Ìfẹ́ ìlú ló ń gùn wọ́n.

Àwa ò mọ nǹkan kan. A gba Old Garage kọjá ní Òṣogbo, à ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì.

Eré ò tíì gbóná tí a fi rí kọ̀ọ́nà. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo pariwo “Ìlórò!” Kí n tó panu dé, kípà wọn ti ń ké sí àwọn èèyàn rẹ̀: “Ìlórò! Ìlórò!” Wọ́n sáré lọ dúró síbi òpó náà gẹ́lẹ́.

Ìlórò ni wọ́n bí mi sí o! Báwo lẹ ṣe máa gbọ́ orúkọ àdúgbò bàbá yín lẹ́nu ẹni tí kò débẹ̀ rí, tí ẹ̀rù ò ní bà yín?

Mo yí i sí Òkèsà. Kípà wọn pè é tẹ̀lé mi. Nígbà tó yá, mi ò pe àmì kankan mọ́. Àwọn tèmi wá ń wo ẹnu mi, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa sá sí. Nínú rúdurùdu yẹn ni wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wa, wọ́n sáré lọ, wọ́n gbá a sáwọ̀n. Góòlù kan péré!

Nígbà tí eré parí, Mutiu, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn, tí a ti jọ gbá bọ́ọ̀lù rí ní Ìkejì-Arákejì, wá bá mi kẹ́dùn. Mo bi í pé báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Wọláì, ṣé kì í ṣe télọ̀ yín ló kọ́ wa ni?” Ó ní kóòṣì àwọn fi fídíò láìfù Bọ̀dá Sànmí hàn àwọn títí àwọn fi há a sórí. Mo ní bóyá ẹ̀ bá ti rí àṣírí náà fúnra yín láìsí fídíò. Ó ní rárá, àwọn ti wo gbogbo eré wa, àwọn ò rídìí ẹ̀. Kò fi mí ṣẹ̀sín o. Ó tiẹ̀ ní kí n bá òun kí bàbá yẹn, pé wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gan-an.

Alàgbà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ewúrẹ́ ló ń jẹko ní pápá wa báyìí. Tí onímọ́tò bá ń pe “Ìlórò, Ìlórò!” ní gáréèjì, màá wẹ̀yìn. Ohùn kípà yẹn ni mò ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi nìyí. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Sànmí ṣe láìfù, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní ta ló tú àṣírí wa? Kò wá sí wọn lọ́kàn pé fídíò tiwọn ni, wọ́n ní Kóòṣì ni! Pé torí ẹ̀ ló ṣe gba fóònù wa, kí a má baà fura. Ìlú gbà á gbọ́. Àwọn èèyàn ò kí Kóòṣì mọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá láti sọ fún wọn. Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní, “Kápútéènì, ìwọ tó wà níbẹ̀, ṣé kì í ṣe Kóòṣì ni?” Mo ní mi ò mọ̀. Mo sì lọ sílé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: kì í ṣe gbogbo ohun tí a fi ń yangàn ló yẹ ká là yé ayé. Ọ̀tá ò ní láti fọ́ ilé ẹni tí onílé bá ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, kí ẹni tó fẹ́ràn yín jù ṣe yín léṣe láìmọ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mò ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá mi, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka gbogbo ohun tí mo bá kọ. Mi ò lè wojú yín sọ ọ́. Gbangba lẹ ti ba Kóòṣì lórúkọ jẹ́, gbangba náà ló yẹ kó ti gba orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ dákun, ẹ padà lọ wo fídíò yín, èyí tẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yà. Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin ni.